Ọmọ Tí Wọ́n Fi Gba Ẹṣin ní Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá sùn ní Ìṣẹ́yìn kò nílò aago. Ìró òfì ni yóò jí i. Láti agboolé dé agboolé, àwọn ahunṣọ á ti jókòó ti òwú, ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ń jù, aṣọ-òkè ń gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà láàrin wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ gbámúṣé. Àlájì ni mo máa ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní Akọ̀wé, nítorí pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama. Ọmọ Ṣakí ni mí, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni òun. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń fi ìlú bú ara wa, kò sì tí ì dìjà rí.

Bí ẹ bá fẹ́ mú inú Àlájì dùn, ẹ pè é ní ọmọ ẹlẹ́ṣin. Bàbá ńlá wọn kan ló kọ́kọ́ gun ẹṣin ní agboolé wọn, àwọn onílù ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ìgbàkúùgbà tí ìnáwó bá wà, ẹṣin ni onílù yóò fi bẹ̀rẹ̀, ẹṣin ni yóò fi parí, Àlájì á sì máa náwó títí àpò rẹ̀ yóò fi gbẹ. Èmi náà ti bá a ná owó ẹṣin yìí rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹṣin náà sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ní ọdún tó kọjá, oníbàárà kan ní Àgbádárìgì fẹ́ sin ọmọ fọ́kọ, ó ní kí Àlájì hun sányán àti àlàárì fún òun. Nígbà tí aṣọ náà parí, Àlájì ní òun ò ní fi rán dẹ́rẹ́bà, òun fúnra òun ni yóò gbé e lọ.

"Akọ̀wé, bá mi ká lọ," ló wí. "Ọjọ́ Ẹtì la ó lọ, ọjọ́ Àìkú la ó padà. Mi ò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ omi òkun rí."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà, ó sì ti gba orí òkun kọjá, ṣùgbọ́n kò tí ì dúró létí rẹ̀. Mo gbà láti bá a lọ. Ọjà ló ń gbé òun lọ, ìtàn ló ń gbé èmi lọ, nítorí pé ìwé kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì la wọ mọ́tò. Ọ̀nà Ìjàyè sí Mọníyà la gbà. Ẹni tó bá mọ títì náà kí wọ́n tó tún un ṣe yóò mọ̀ pé ara wa balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àlájì gbé ẹrù aṣọ lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bí a ti fi Ìṣẹ́yìn sílẹ̀ díẹ̀, mo bi í léèrè:

"Àlájì, ǹjẹ́ o mọ ẹni tó rin ọ̀nà yìí lọ sí òkun, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa?"

"Òyìnbó ni yóò jẹ́."

"Rárá o. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ ilé yín ni. Àjàyí ará Òṣoògùn ni."

Gbogbo wa la kọ́ nípa Àjàyí Crowther nílé-ìwé. Wọ́n ní òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, ní ọdún 1864, àti pé òun ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé tèmi, kò sí tíṣà kan tó sọ fún wa pé ilẹ̀ Òkè-Ògùn ni wọ́n ti jí i gbé, pé ìtòsí Ìṣẹ́yìn ni Òṣoògùn wà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa, ńṣe ló dà bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí i sí. Bẹ́ẹ̀ Àjàyí kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837, nígbà tó wà ní Sàró. Ìtàn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọ̀rẹ́ mi nínú mọ́tò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni. Ọ̀yọ́ Ilé ti ń mì. Afọ̀njá ti kọ ẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, apá olórí kò ká ìlú mọ́, ẹni tó bá sì lè kó ogun jọ ń kó o. Àwọn tó wá ja Òṣoògùn, bí Àjàyí ti kọ ọ́, jẹ́ Fúlàní, àti Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Òwúrọ̀ ni. Wọ́n ń se oúnjẹ lọ́wọ́ nílé, kò sẹ́ni tó fura. Ọgbà igi ló yí ìlú ká, àwọn ọkùnrin ìlú sì jà, ṣùgbọ́n kò ju bí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí ogun fi wọlé. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sá, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ rẹ̀ rí i nìyẹn. Wọ́n mú Àjàyí, ìyá rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ ara wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́. Ọmọ bí ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ni.

"Ibo ni wọ́n kó wọn lọ?" Àlájì béèrè.

"Ìṣẹ́yìn."

Kò sọ nǹkan kan. Mo ń bá a lọ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó wọn síwájú olórí àwọn ológun, wọ́n sì pín wọn. Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ kan bọ́ sí ọwọ́ olórí, ìyá rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọn ò gbọdọ̀ ké. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ńṣe ni àwọn ń gbé ẹkún mì. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn èyí, lọ́jọ́ náà gan-an, ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin.

"Ẹṣin?"

"Ẹṣin ni mo wí."

Mọ́tò ń lọ. Àlájì wo ẹrù tó wà lórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ni ẹṣin yẹn ńkọ́? Ó dárúkọ rẹ̀?"

"Kò dárúkọ rẹ̀."

"Ìyẹn dára," ló wí, ó sì yí ojú sí fèrèsé.

Ẹ̀yin ará, kí n sọ òótọ́: mi ò pa ìtàn náà mọ́ ọ̀rẹ́ mi láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ni n ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i bó ti ń wo ìta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹnu dúró. Òun ló ní kí n máa bá a lọ.

Ẹṣin náà, ìdánwò ni wọ́n gbà á. Nígbà tó tó bí oṣù méjì, olórí ogun ní kò wu òun, ó dá a padà, ó sì gba ọmọ rẹ̀. Ó mú Àjàyí lọ sí ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dàdá. Ibẹ̀ ni Àjàyí tún ti rí ìyá rẹ̀. Fún bí oṣù mẹ́ta, ó ń gé koríko fún ẹṣin, ó sì ń ráyè lọ wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rán an níṣẹ́, wọ́n sì gbá a mú lójú ọ̀nà, wọ́n dè é. Kò dágbére fún ìyá rẹ̀. Wọ́n tún dá a padà sí Ìṣẹ́yìn, láti ibẹ̀ ó di ẹrù obìnrin oníṣòwò kan, wọ́n sì mú un gba Ìjàyè lọ.

Bí mo ti sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ ni mọ́tò wa wọ Ìjàyè. Àwọn obìnrin sáré mú ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí fèrèsé. Àlájì ra ẹ̀pà, kò jẹ ẹ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn Àjàyí tó máa ń dùn mí gan-an. Ó ní nígbà tí àwọn kọjá Ìjàyè títí dé ìlú kan tó pè ní Tókò, èdè Ẹ̀gbá ni gbogbo ènìyàn ń sọ, àyàfi obìnrin tó rà á tó ń sọ Ọ̀yọ́ bíi tirẹ̀. Ẹ wo ọmọ kékeré tó ń fi etí mọ̀ bí ilé ti jìnnà tó. Ó gbọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Pọtogí ni wọ́n ń mú òun lọ, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé ó gbèrò lóru láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú, ọtí àti tábà sì wà nínú owó rẹ̀. Wọ́n mú un dé Ìkosì létí ọ̀sà. Kò rí omi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á láti wọ ọkọ̀. Wọ́n gbé e sọdá sí Èkó. Ní Èkó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi de àwọn ọmọdé mọ́ àwọn àgbàlagbà lọ́rùn. Bí inú bá bí àgbàlagbà kan, tó fa ẹ̀wọ̀n, ọmọdé ni ọrùn ń dùn.

Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀nà yìí tó tán fún Àjàyí. Àwa jẹ àmàlà ní Ìbàdàn, a gba ẹsẹ́pírẹ́sì, a sì dé Èkó kí oòrùn tó rọ̀. Ìgbà tí a kọ orí sí Àgbádárìgì ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Kòtò wà lójú títì, àwọn kan sì wà tí wọ́n fi okùn dí ọ̀nà, tí dẹ́rẹ́bà ń na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n tó sọ okùn sílẹ̀. Àlájì ní, "Akọ̀wé, oníbodè ò tí ì tán láyé." Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti Ìjàyè nìyẹn.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé. Oníbàárà rẹ̀, Ègùn ni, gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n tú aṣọ wò lábẹ́ iná, àwọn obìnrin sì hó. Wọ́n fún wa ní ẹja ọ̀sà àti yàrá tó tutù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la kọ́kọ́ lọ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó parí ní 1845. Ní ọdún 1845 yẹn kan náà ni Crowther, Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni Crowther àti Townsend ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí wọ́n ń lọ bá ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Wọ́n dúró ní Àgbádárìgì títí di 1846. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí wọ́n ti ibí etí òkun wọ̀nyí kó lọ bí ẹrù, ó padà dé bí oníwàásù, ó sì ń dúró kí ọ̀nà là kí ó lè gòkè lọ.

Wọ́n fi Bíbélì Yorùbá àtijọ́ hàn wá. Mo ṣàlàyé fún Àlájì pé láti ọdún 1843 ni Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, pé apá kìíní Bíbélì tó túmọ̀ jáde ní 1850, pé odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Àwọn ẹlòmíràn bá a ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni òpó. Èdè Ọ̀yọ́ tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní Òṣoògùn wà nínú Yorùbá tí gbogbo wa ń kà lónìí. Èmi tí mo ń fi lẹ́tà jẹun, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń jẹ.

Àlájì tẹ̀ ba síwájú dígí, ó pẹ́ níbẹ̀. Imọ́lẹ̀ inú ilé náà kò pọ̀. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n fi gba ẹṣin ló ṣe èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹṣin náà ò sì tún dára." A jáde.

Láti ibẹ̀ la lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, èyí tó jẹ́ ti Sẹ́ríkí Williams Abass. Ìtàn ọkùnrin yìí le ju ti ilé rẹ̀ lọ. Jóga-Orílé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní, ni wọ́n bí i sí. Wọ́n jí òun náà gbé lọ́mọdé, wọ́n sì tà á. Orúkọ méjèèjì tó ń jẹ́, Williams àti Abass, orúkọ àwọn olówó rẹ̀ ni. Ó dé Bùràsíìlì, ó kọ́ ìwé, ó kọ́ òwò. Ìgbà tó padà wá, ẹrú lòun náà ń tà. Ó di olówó, ó di olóyè, ó kú ní 1919. Afinimọ̀nà tó mú wa káàkiri fi yàrá kótópó hàn wá, ó ní ogójì ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé kan bí àtẹ́lẹwọ́ ló wà lókè. Àlájì wọlé, ó dúró, ó jáde.

"Ẹni tí wọ́n ti tà rí," ló ń wí fún ara rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n ti tà rí."

Ìgbà tí a jókòó sí abẹ́ igi ló wá kọjú sí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, láti àná lo ti ń ka Ìṣẹ́yìn sí mi létí. Ṣakí ńkọ́?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1825, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Clapperton sọ̀kalẹ̀ ní Àgbádárìgì yìí gan-an, òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander. Méjì nínú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀, Pearce àti Morrison, kú lójú ọ̀nà. Ní oṣù kìíní 1826, ó gba Ṣakí wa kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, lọ kí Aláàfin. Kò la igbó. Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ló tọ̀, ọ̀nà tí ọjà àti ẹrú ń gbà. Ọ̀nà kì í sì í gba inú ìlú kọjá kí ìlú má jẹ nínú rẹ̀: a ó ta iṣu, a ó ta omi, a ó gba owó ibodè, a ó sì fún ẹni tó ń da ẹrú lọ ní ibi ìsùn. Àwọn bàbá mi wà níbẹ̀. Wọ́n rí àwọn tí wọ́n so lọ́rùn bí wọ́n ti ń kọjá lábẹ́ òkè Àsabàrí. N kò lè sọ pé wọn ò rí wọn.

Kí ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí Ọ̀yọ́ ti ń ṣe é. Ogun ẹlẹ́ṣin ni agbára Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Eṣinṣin igbó tó ń gbé àìsàn kiri kì í jẹ́ kó pẹ́. Nítorí náà wọ́n ní láti máa rà á lọ́dọ̀ àwọn ará òkè ọya, lọ́dọ̀ Hausa, Nupe àti Ìbàrìbá, bí àwọn ti àná bá sì ti kú, wọ́n á tún ra òmíràn. Kí ni wọ́n ń fi rà á? Ọjà tó ti etí òkun wá wà nínú rẹ̀, ẹrú náà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà Aláàfin Abíọ́dún, ṣáájú ọdún 1789, ọ̀nà tó gba Ẹ̀gbádò lọ sí Àjàṣẹ́ kún fún òwò yìí. Ibi tí ẹrú ń gbà sọ̀kalẹ̀ ni owó ẹṣin ń gbà gòkè. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, ọwọ́ tí ń kó ọmọ ọlọ́mọ wá padà sórí ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn. Òṣoògùn kì í ṣe ìlú àjèjì. Ìlú Ọ̀yọ́ ni.

Ní ọ̀sán, a wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú. Iyanrìn gbígbóná la rìn gbà títí a fi gbúròó òkun. Wọ́n fi kànga kan hàn wá lójú ọ̀nà. Wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mu omi ìgbàgbé. Àwọn tó dé Bahia ní Bùràsíìlì, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tó dé Kúbà, tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn ò gbàgbé Ṣàngó, wọn ò gbàgbé Ògún, wọn ò sì gbàgbé orin. Ní oṣù kìíní 1835, nínú oṣù àwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí Nàgó ní Bahia dìde ogun sí àwọn olówó wọn, tìrà wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe ìjà náà títí dòní, láti inú ìmàle tiwa ló ti wá. Nígbà tí mo sọ èyí, Àlájì bọ́ bàtà, ó wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà. Mi ò gbọ́ ohun tó wí.

Àjàyí kò dé Bahia. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Pọtogí kan tó ń jẹ́ Esperanza Felix, ó sì kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, 1822. Pọtogí ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1815 pé àwọn ò ní kó ẹrú mọ́ ní ìhà àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, ibẹ̀ sì ni Èkó wà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì gbá wọn mú. Àjàyí àti àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti bọ́. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́, wọ́n ní ẹran ènìyàn ni; wọ́n rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò, wọ́n ní orí ènìyàn ni. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, wọ́n gúnlẹ̀ ní Sàró. Òfin kan àti ọkọ̀ méjì ló gbà á. Àwọn tí ọkọ̀ tiwọn kò bá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé kò níye. Ní Kúbà, ó di 1886 kí òwò ẹrú tó dópin pátápátá pẹ̀lú ìdè rẹ̀. Ní Bùràsíìlì, ó di 1888.

Ní ọjọ́ Àìkú, a gba Abẹ́òkúta padà, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé ká gbà á. Mo fẹ́ parí ìtàn náà níbi tí ó parí sí. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, 1846, ní Abẹ́òkúta, wọ́n mú ìyá àgbà kan wá bá Crowther. Àfàlá, ìyá rẹ̀ ni. Ó ti tó ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Ìyá ń gbọ̀n. Wọn ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Òun náà ti kọjá lọ́wọ́ olówó kan sí òmíràn ní gbogbo ọdún náà. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1848, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Àlájì kò sọ̀rọ̀ títí a fi ré Abẹ́òkúta kọjá. Ìgbà tó sọ ọ́, ohun tó wí ni pé: "Kó dágbére fún un ní Dàdá. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìṣẹ́yìn. Mo rò pé yóò lọ wẹ̀, kó sinmi. Kò lọ wẹ̀. Ó mú mi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ìyá arúgbó tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ mú. Ó dọ̀bálẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀. Ìyá kí wa kú ọ̀nà, ó béèrè òkun. Àlájì ní:

"Ìyá, ẹṣin bàbá wa, kí ni wọ́n fi rà á?"

Ìyá dákẹ́. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé kò gbọ́. Ó wá ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń lu ẹṣin yẹn létí mi, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá."

"Ẹṣin kì í já bọ́ láti ọ̀run. Ohun tí ayé ìgbà náà fi ń rà á ni wọ́n fi rà á. Àwọn kan kúrò nílé yìí, wọn ò padà. Àwọn kan wọlé sílé yìí, wọn ò rí ọ̀nà lọ. Àwọn tó wọlé bímọ síbí, ọmọ wọn bímọ. O fẹ́ kí n wá na ìka sí ọmọ ta ni? Bóyá ìwọ ni n ó na ìka sí. Dìde, lọ jẹun."

A dìde. Lójú àgbàlá, àwọn ọmọ ń ṣeré lábẹ́ òfì tí wọ́n ti dè fún alẹ́. Àlájì dúró, ó ń wo wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tó ń wò. Èmi náà ń wò ó. Kò sí ohun tí a lè fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò kọ èyí láti fi bú Ìṣẹ́yìn. Ìlú tó gbà mí bí ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa wá ìran ẹrú kiri nínú agboolé rẹ̀. Ìyá yẹn ti dá wa lóhùn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a bá ń ka oríkì ọlá, a máa ń ka ẹṣin, a kì í ka ohun tí wọ́n fi rà á. Òyìnbó jẹ̀bi, ọkọ̀ rẹ̀ ló dúró létí òkun. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò dé Òṣoògùn. Láti Òṣoògùn dé Ìkosì, àwa ara wa la fa okùn náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ bi àwọn àgbà yín kí wọ́n tó lọ. Bí wọn ò bá dárúkọ, kò burú. Ẹ ṣáà bi wọ́n.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nílé Àlájì. Mo lọ. Onílù dé, ẹṣin ló fi bẹ̀rẹ̀ bí àṣà rẹ̀. Àlájì bọ́ síta, ó náwó bí ó ti máa ń ná an. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí etí onílù, ó ní, "Ẹ máa lu ti ẹni tí wọ́n fi rà á náà."

Onílù sọ ọ̀pá ìlù sílẹ̀ díẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní, "Àlájì, kí lorúkọ rẹ̀?"

Àlájì wo èmi. Èmi náà wo ilẹ̀.